Ọjọ́ Ìsinmi Tí Bàbá Létòlétò Di Àlejò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Létòlétò ti fi ń fi èrò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí a wá a lẹ́nu ọ̀nà tí a kò bá a níbẹ̀. Òun ni olórí àwọn ọ́ṣà, ìyẹn àwọn tí ń pàdé èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n sì ń mú kálukú lọ sí àyè rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ funfun ni ó máa ń wọ̀, bàtà rẹ̀ a sì máa dán débi pé ọmọdé lè fi wo eyín. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti mọ ẹni tí yóò pẹ́ dé, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àti àwọn méjì tí wọ́n jà láàárín ọ̀sẹ̀, tí ó fi yẹ kí a fi ọmọdé mẹ́ta là wọ́n láàárín lórí bẹ́ǹṣì.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Báńdéèjì wà ní pẹpẹ kìíní, ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wà ní ìkejì, aṣọ ibùsùn wà ní ìkẹta, tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin tí etí rẹ̀ kọjú sí ògiri. Dókítà àgbà kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìgò oògùn apakòkòrò kan. Bàbá Létòlétò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sórí pẹpẹ, ó fún un ní ìwé kí ó fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà ni ó wá gbé ìgò kan náà kalẹ̀ tí ó sì fi lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yìí ti mọ́ ọn lára. Àwọn tí wọ́n ṣì rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí fún un. Olùkọ́ ni ọmọ náà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ yìí ni ó wá jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ó ń dán bàtà nínú ilé ìdáná, tí ó wí fún un pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń tún rédíò àti fóònù ṣe, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í mutí. Ó ní ìyá rẹ̀ ni ó dá tọ́ ọ dàgbà, obìnrin kan tí ó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti abẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Bàbá béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí ọmọ sọ ọ́, ó mí kanlẹ̀. Bíbélì kan náà ni àwọn ìjọ méjèèjì ń kà, inú ìwé orin kan náà ni wọ́n ti ń kọrin, ibùdókọ̀ mẹ́rin péré ni ó sì là wọ́n láàárín, ṣùgbọ́n lójú Bàbá Létòlétò, bí ẹni pé òkun ló wà níbẹ̀ ni.

“Kí ni ìyá rẹ̀ wí sí i?” ni ó béèrè.

“Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó, Bàbá.”

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lórí bàtà. “Wọ́n ń ro kí ni? Ṣé èmi tí mo lọ́mọ ni kò yẹ kó máa rò, àbí àwọn tí wọ́n fẹ́ wá gbé e lọ?”

Ó ní kí ọmọ fún òun ní àyè di ọjọ́ Ìsinmi. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ọmọ gbà. Ó mọ̀ pé bí bàbá òun bá wí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò ní lè fẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀rí ọkàn òun kò ní jẹ́ kí òun fi í sílẹ̀ nínú ìbínú. Bàbá pẹ̀lú mọ̀. Ohun tí kò sọ fún ọmọ, tí kò sì tíì sọ tán fún ara rẹ̀, ni pé bí ọmọ yìí bá kó ẹrù rẹ̀, àwo kan, ṣíbí kan àti ife kan ni yóò kù lórí tábìlì ilé náà.

Ìgbàgbọ́ Bàbá Létòlétò ni pé kò sí ibi tí ìwà ènìyàn ti ń hàn tó orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá gba àyè ènìyàn méjì nílé Ọlọ́run, yóò gba oúnjẹ ènìyàn méjì nílé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wo aago nígbà tí ìwàásù ń lọ, kò ní ní sùúrù fún ìyàwó ọmọ. Nítorí náà, ó pinnu láti lọ wo ìyá yìí ní bòókẹ́lẹ́, níbi tí kò ti ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ó sọ fún igbá-kejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ́ṣà pé òun ń rin ìrìn àjò. Kò purọ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ilé funfun kan ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, láàárín ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe àti ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé. Bí ó ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, ọ́ṣà ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín sí i.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Àyè wà níwájú.”

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí i létí bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú rédíò. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa: àlejò ni ọ́, a sì fẹ́ kí gbogbo ojú tó ọ. Ó dúpẹ́, ó ní ẹ̀yìn tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì forí lé bẹ́ǹṣì tí ó kẹ́yìn pátápátá, nídìí ilẹ̀kùn, lábẹ́ fáànù. Tìmùtìmù aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀, wọ́n fi òwú funfun ṣe é létí. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ìjọ yìí kúkú mọ àlejò í tọ́jú, ó sì jókòó lé e. Ọ́ṣà ọ̀dọ́ lanu, ó pa á dé, ó tún lanu, ó sì lọ kí ẹlòmíràn.

Àjòjì lójú, kò fi ríran. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ti Bàbá Létòlétò, iwájú ni ipò ọlá, ẹ̀yìn sì ni fún àwọn tí wọ́n pẹ́ dé. Ní ibí yìí, ẹ̀yìn ni ipò ọlá. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà, ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè jáde kí èrò tó dí ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ojú pásítọ̀ kì í tó. Iwájú ni ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni yóò máa sún sẹ́yìn, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, bí ẹni tí wọ́n ń gbé ga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó kéré tán, ó ti sin Ọlọ́run fún ọgbọ̀n ọdún.

Kò pẹ́ tí obìnrin kékeré kan fi dé. Aṣọ àwọ̀ eérú ni ó wọ̀, ó fi òwú so dígí ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó dúró ti bẹ́ǹṣì náà, ó wo Bàbá Létòlétò, ó wo ibi tí ó jókòó lé, ó tún wo ojú rẹ̀, títí tí ènìyàn ì bá fi ka sáàmù kúkurú kan tán. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀.” Bàbá sún, òun àti tìmùtìmù. Obìnrin náà jókòó sórí pákó lásán.

Ènìyàn márùn-ún ni bẹ́ǹṣì náà ń gbà. Wọ́n ti pé. Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì dé, ó rí i pé àyè òun ti lọ, ó sì sún sí ìlà iwájú. Ẹni tí ó ni àyè yẹn sún sí iwájú tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí pé ìwà rere ni gbogbo wọn ń hù, ṣùgbọ́n nígbà tí orin ìwọlé yóò fi bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún kí ó tó dé àárín ti bá ara rẹ̀ ní ìlà kìíní láàárín àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n.

Bàbá Létòlétò kò rí nǹkan kan nínú èyí. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi ojú wá. Ó rí ọmọkùnrin náà kíákíá, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ti sọ pé òun ni ó máa ń wà nínú àhámọ́ onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù, tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Orí rẹ̀ nìkan ni ó hàn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbé e sókè. Bàbá wá àléébù sí i lára orí yẹn títí, kò rí. Ó ku ìyá.

Ìyá dé nígbà tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kejì. Ó dá Bàbá lójú pé òun ni. Obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan ni, ó dé àkẹtẹ̀ tí ó fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ, bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà sì tò sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni Bàbá kà. Ta ni yóò ra bọ́tìnnì tó báyìí bí kì í bá ṣe ẹni tí ó ń tà á? Láti ìgbà náà ni kò ti gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó pẹ́ dé, ẹ̀ṣẹ̀ kìíní. Ó gba àyè ènìyàn méjì, ìkejì. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ bo ènìyàn mẹ́rin lójú. Ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń gbàdúrà ìjẹ́wọ́, bí ẹni pé òun kò ní nǹkan tí òun fẹ́ jẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dìde kọrin, obìnrin aláṣọ eérú fi ìwé orin rẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì. Orin tí Bàbá mọ̀ láti kékeré ni, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi gbogbo àyà rẹ̀ gbé e. Ìlà kejì ni ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n ń fi kọ ọ́ níbí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi kọ ọ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn. Òun ń gòkè nígbà tí gbogbo ìjọ ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà níwájú yíjú padà. Obìnrin náà kò wò ó. Ó kàn gbé ohùn tirẹ̀ sókè díẹ̀ sí etí rẹ̀, bí ẹni fa afọ́jú lọ́wọ́ kọjá títì, títí ó fi bá wọn dé òpin ẹsẹ náà.

Ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí ìtọ́jú àlejò. Pásítọ̀ sọ ọ́ dáadáa. Bí ó ti ń sọ ọ́, obìnrin alákẹtẹ̀ sùn. Nígbà tí pásítọ̀ dé ibi tí iná ti ọ̀run bọ́ sórí ìlú tí kò gba àlejò, ó jí, ó sì ṣe àmín ketekete. Bàbá Létòlétò pa ìwé ìdájọ́ dé nínú ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìbànújẹ́ mú un díẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀, ìtura sì mú un díẹ̀ nítorí tábìlì ilé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òun yóò ti sọ ọ́ tí kò fi ní dùn ún jù.

Ẹ̀yìn èyí ni olùkéde bọ́ síwájú, ọkùnrin kan tí ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó rí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín sí. Ó ní kí àwọn tí ó jẹ́ pé òní ni wọ́n kọ́kọ́ dé àárín àwọn jọ̀wọ́ dìde. Bàbá Létòlétò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà rẹ̀ kò ní okùn. Ó dúró síbẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa awọ bàtà. Ohùn jẹ́jẹ́ kan wá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kúkú dìde. Wọn ò ní tẹ̀síwájú tí ẹ ò bá dìde. Sọ́ńdè tó kọjá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá la fi dúró de ẹnì kan.”

Ó dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ́ṣà ọ̀dọ́ sáré gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá sí i lẹ́nu, olùkéde sì béèrè láti iwájú pé ta ni ó pè wọ́n wá.

Bàbá Létòlétò wo òtítọ́, ó rí i pé kò ṣeé sọ: mo wá yọ́ obìnrin kan wò. Ó wo irọ́, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí òun lè pa á mọ́. Ó wá rántí ohun tí àwọn àlejò ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ máa ń sọ nígbà tí wọn kò bá fẹ́ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi wá.

“Kò sẹ́ni tó pè mí,” ni ó wí. “Ẹ̀mí ló darí mi.”

Ọmọkùnrin inú gíláàsì, nítorí pé ó mọ ọ̀wọ̀ àgbà, ti gbé ohùn ẹ̀rọ sókè kí ọ̀rọ̀ bàbá lè já gaara. Àwọn tí ń tún táyà ṣe ní ìta pàápàá gbọ́ ọ. Ìjọ hó. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ dìde, ó béèrè ibi tí Ẹ̀mí ti bá Bàbá pàdé. Bàbá wá ohun tí kì í ṣe irọ́ kún un, ó ní ilé ìdáná ni, nígbà tí òun ń dán bàtà.

“Bàtà!” ni pásítọ̀ wí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Bàtà wà nínú ìwé mímọ́, bàtà ìhìnrere àlàáfíà, bàtà tí Mósè bọ́, bàtà tí Jòhánù kò yẹ ní ẹni tí ń tú okùn rẹ̀. Ìwàásù kejì bẹ̀rẹ̀, ó gba ogún ìṣẹ́jú, gbogbo ìjọ sì ń yọ ọrùn wo ẹsẹ̀ Bàbá Létòlétò, tí ó dúró gbagidi ní ẹ̀yìn, ẹni tí ó wá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Nígbà tí wọ́n túká, wọ́n mú un lọ sí yàrá àlejò. Yàrá kóńkó kan ni, tí wọ́n ti ń kó ìgbálẹ̀ àti aṣọ àwọn akọrin sí. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àti àwo tí bisikíìtì méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti fọ́. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àlejò tí wọ́n fún un kò ṣàjèjì sí i: Ta ni ó pè yín? Báwo ni ẹ ti rí ìjọsìn wa sí? Ṣé ẹ ó tún padà wá? Ó ń wá bírò kiri nígbà tí obìnrin aláṣọ eérú wọlé tòun ti omi nínú ife. Òun ni wọ́n fi iṣẹ́ yàrá àlejò lé lọ́wọ́. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ti orin. Ó yin ìwàásù méjèèjì. Lẹ́yìn náà, nítorí pé kò fẹ́ kí ìrìn àjò òun já sí asán, ó bu bisikíìtì jẹ, ó sì béèrè bí ẹni tí kò béèrè nǹkan gidi.

“Màmá, ìyá tó wọ aṣọ oníbọ́tìnnì yẹn, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?”

“Ìyàwó oníṣòwò símẹ́ǹtì,” ni obìnrin náà wí. “Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ra bọ́tìnnì yẹn. Mo sọ fún wọn pé mẹ́jọ ti tó, wọ́n ní kí n má fi ojú tálákà wo aṣọ àwọn.”

Bisikíìtì dúró sí ọ̀nà ọ̀fun Bàbá Létòlétò. Obìnrin náà gbé omi sún mọ́ ọn, ó dúró títí ó fi mu ún tán, ó sì jókòó sí òdìkejì tábìlì.

“Ẹ̀mí yẹn náà ló darí èmi wá sọ́dọ̀ yín lóṣù tó kọjá,” ni ó wí. “Ẹ fi mí sẹ́yìn òpó.”

Kò gbé ohùn sókè. Ó ṣe àlàyé bí nǹkan ti rí, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ débi pé Bàbá ì bá yìn ín bí ọ̀rọ̀ náà kì í bá ṣe nípa tirẹ̀. Ó ní òun wá wo irú ilé tí ọmọ òun fẹ́ wọ̀. Ó ní òun jókòó ní ìlà kejì, Bàbá fi ìbọ̀wọ́ funfun tọ́ka sí òun, ó ní ibẹ̀ ni ìyàwó akápò máa ń jókòó. Òun sún sí ìlà kẹfà, Bàbá tún dé, ó ní ìyá olórí akọrin ni ó ni ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú òun lọ sí ẹ̀yìn òpó, ó sì fún òun ní ìwé orin tí kò ní èèpo.

“Mo mọ òpó yẹn dáadáa, Bàbá. Ó ti lanu láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi símẹ́ǹtì dí i.”

Bàbá Létòlétò fẹ́ sọ pé òun kò rántí. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé òótọ́ ni, kò rántí. Èrò méjìlá ni ó ti fi sí ẹ̀yìn òpó yẹn ní oṣù tó kọjá, kò sì wo ojú ọ̀kan nínú wọn. Ojú àyè ni ó ń wò.

“Ọmọ yín kọrin,” ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ohùn rẹ̀ yí òpó ká, ó bá mi. Òun ni mi ò fi tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ dáa, kò sí àríyànjiyàn. Ilé ni mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá àyè wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò bá ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá.”

“Mi ò bínú. Ìdí ló ń ro mí. Tìmùtìmù mi lẹ jókòó lé fún wákàtí mẹ́ta.”

Aṣọ àwọn akọrin ń mì lórí ìṣó. Bàbá Létòlétò, tí ó wá gbé ìdájọ́ lé ọwọ́ bí àwo, rí i pé ẹlòmíràn ni ó ti ń gbé tirẹ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn. Ó béèrè ohun tí òun lè ṣe. Obìnrin náà gba fọ́ọ̀mù tí kò tíì kọ nǹkan kan sí, ó ká a, ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

“Sọ́ńdè tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ mi ń bọ̀ wá sin Ọlọ́run lọ́dọ̀ yín. Ibi tẹ́ ẹ bá fi wá sí, ibẹ̀ la ó ti mọ èsì yín. Ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí ó délé, ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè é. Ó béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá ní ọ̀rọ̀ kò tíì parí, pé àwọn ènìyàn náà ń bọ̀ wá jọ́sìn. Ọmọ wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ìrìn àjò náà ti sọ ọ́ di ẹni tí a bá wí, ó sì ní ọgbọ́n tí kò fi béèrè síwájú. Ó bu oúnjẹ fún un, ó sì gbé bàtà rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá ya àwòrán gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé sítọ́ọ̀, ó kọ orúkọ sí i. Kò sí àlàfo kankan àfi ibì kan, ó sì mọ ibi tí í ṣe. Ó gbé ojú sókè wo àwọn pẹpẹ rẹ̀. Bí àpótí tuntun bá dé, a óò sún ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n àpótí kò ní ọkọ nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì kan wá gba aṣọ ibùsùn, ó sì rí i tí ó fún òun láì fọwọ́ sí ìwé. Ó sáré lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó jọ pé ara bàbá kò dá.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ìyá tí ń ta bọ́tìnnì wọlé nínú aṣọ eérú kan náà, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè dá dúró. Bàbá Létòlétò kí wọn. Kò tọ́ka. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sápò, ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyá, ó sì ṣáájú wọn lọ sí ìlà kejì, ó fi wọ́n jókòó sí àyè ìyàwó akápò. Àwọn ọ́ṣà mẹ́rin tí ó kọ́ ní iṣẹ́ dúró bí ẹni tí ó rí òkú tí ó ń rìn.

Ìyàwó akápò dé bí orin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń jókòó síbẹ̀. Ó dúró, ó wo àwọn méjèèjì láti òkè dé ilẹ̀.

“Bàbá Létòlétò, àwọn wo nìyí?”

“Àna mi ni wọ́n, Mà.”

Kò pariwo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n dùùrù ti dákẹ́, gbogbo ilé gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn kan tí ó yẹ kí ó ṣáájú orin kò ṣáájú rẹ̀. Olórí akọrin na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ náà tó rántí ohun tí ó dìde fún.

Ìyàwó akápò lọ gba àyè ìyàwó akọ̀wé, ìyàwó akọ̀wé gba ti ẹlòmíràn, gbogbo ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń sún, wọ́n ń tọrọ gáfárà láàárín eyín. Bàbá Létòlétò dúró lójú ọ̀nà láàárín gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbìmọ̀ yóò ránṣẹ́ pe òun kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Ibi tí òun yóò jókòó sí ni kò mọ̀, nítorí kò tíì jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà rí láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì sí àyè kan tí ń jẹ́ tirẹ̀. Ìyá tí ń ta bọ́tìnnì gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó fi í sórí ẹsẹ̀.

“Ẹ jókòó, àna,” ni ó wí.

Ó jókòó. Ó fà sọ́tùn-ún, ó fà sósì, ó na ọrùn. Àwo òdòdó ńlá kan àti ẹ̀gbẹ́ àga ìwàásù bo ohun gbogbo. Nínú àyè tí wọ́n ti ń jà lé lórí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ènìyàn kò lè rí pásítọ̀ rárá.

“Kò sí nǹkan tí ènìyàn ń rí níbí,” ni ó sọ sí i létí.

“Ẹ máa fetí gbọ́ ọ nígbà náà,” ni àna rẹ̀ fèsì, “kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí èmi náà gbọ́.”